Ìlú Tí Gbogbo Ènìyàn Ti Ń Fi Orúnkún Rìn

Ẹ fà mọ́ ibí, ará ilé àti ará ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó tètè wú u báyìí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ tán, n kò ní í dúró de ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́rìndé ni mò ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, kò sí igbó tí n kò wọ̀, kò sí ẹranko tí kò mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Ẹfọ̀n kan wà ní Igbó Arére tó jẹ́ pé bó bá ti gbóòórùn mi, ńṣe ló ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ kó tó kú, kó lè pín ogún rẹ̀ fún wọn. Làmídì télọ̀, mo rí ọ tí o ń rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín dáadáa. Abẹ́rẹ́ nìkan lo bá jà rí láyé rẹ, kò sì sí ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ kì í gún ọ.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rìn jìnnà, mo rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì rí ohun tó jù ú lọ: mo rí odidi ìlú kan tó ń fi orúnkún rìn, mo sì jọba lé wọn lórí fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ti jọba rí, kó nawọ́ sókè. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ nígbà náà.

Baálẹ̀ kan wà nílùú wa nígbà yẹn, Ọláṣebìkan lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo tètè sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ìtàn òṣìkà ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, tó tún ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn, ẹ jìnnà sí i. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé nílùú wa, a kì í fi ènìyàn jẹ Baálẹ̀ kó má mu omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó bá fẹ́ jẹ, yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò sì bu omi odò tirẹ̀ fún un nínú igbá. Bó bá mu ún, ó di Baálẹ̀ wọn, àwọn náà di ènìyàn rẹ̀. Ọláṣebìkan mu ti àdúgbò mẹ́ta. Nígbà tó ku Òkè-Ọdán, ẹnì kan sọ sí i létí pé àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ràn ìran rẹ̀, pé ta ló mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ omi wọn. Ó wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé igbá náà wá bá òun nílé, kí ẹ̀ṣọ́ òun kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àwọn ará Òkè-Ọdán da omi náà sílẹ̀, wọ́n sì lọ sílé wọn.

Ọdún méjì kọjá, ẹnikẹ́ni kò sọ ohunkóhun. Ní ọdún kẹta Baálẹ̀ ní kí gbogbo ìlú jáde wá yẹ ọ̀nà oko. Òkè-Ọdán ránṣẹ́ padà pé, “Ẹ bá wa kí Baálẹ̀ àdúgbò mẹ́ta. Àwa kò tíì ní.” Baálẹ̀ rán ẹ̀ṣọ́ lọ. Ẹ̀ṣọ́ fi igi lé wọn jáde, wọ́n yẹ ọ̀nà náà títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igi ńláńlá ogójì ló dùbúlẹ̀ gbalaja sí ojú ọ̀nà tí wọ́n yẹ. Ẹ̀ṣọ́ tún padà lọ, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oyèkàn, ó sì kú. Àwọn ọ̀dọ́ dáná sun ilé ẹ̀ṣọ́. Ni Baálẹ̀ bá ní kí wọ́n yí Òkè-Ọdán ká, ẹni tó wà nínú kò gbọdọ̀ jáde, ẹni tó wà níta kò gbọdọ̀ wọlé.

Oyèkàn tí wọ́n pa yìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi Abídèmí ni. Abídèmí ti lọ sílé baba rẹ̀ láti sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ká a mọ́.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò jókòó, ó ń lọ ó ń bọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, mo gbọ́ pé kùmọ̀ kan wà ní ìlú àwọn iwin, lẹ́yìn igbó méje. Ẹni tí wọ́n bá nà án sí, yóò kúnlẹ̀ dandan. Lọ gbé e wá fún mi. Bó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, n kò ní í ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Wọn yóò kúnlẹ̀, ọ̀ràn yóò tán. Ogún ọjọ́ ni mo fún ọ. Bí o kò bá dé, n ó jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ wọ Òkè-Ọdán pẹ̀lú ìbọn àti iná.”

Mo ní, “Kí Baálẹ̀ pẹ́. Mo gbọ́.” N kò ní í purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dára lójú mi. Mo rò pé ó sàn kí ìyàwó mi kúnlẹ̀ ju kó jóná lọ. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo sì jáde láìjẹun.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ìjàlọ ló ni ín. Wọ́n tò lọ rẹrẹ lójú ọ̀nà, wọn kò ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò ní òpin. Ọlọ́gbọ́n ọdẹ ì bá jókòó dúró kí wọ́n kọjá tán. Ṣùgbọ́n ogún ọjọ́ ni mo ní, n kò lè jókòó. Mo yọ ìbọn, mo yìn ín sí àárín wọn. Ẹ gbọ́ o, èmi Ọdẹ́rìndé apẹfọ̀n, mo yìnbọn sí kòkòrò. Kí n tó ki ẹ̀tù mìíràn, wọ́n ti rìn bo ihò tí ọta gbẹ́. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dé orúnkún mi. Nígbà tí mo yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti dé ibi tí n kò lè dárúkọ níwájú àwọn ìyàwó ilé. Ẹ̀yin mọ̀ pé àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa á. Ìdí ìbọn ni èmi fi gbá tèmi. Ẹ má bi mí bó ti rí lára mi. Inú odò ni mo bá ara mi, ṣòkòtò mi sì wà nínú igbó yẹn títí dòní, awọ ẹtu ni mo ró tí mo fi ń bá ìrìn mi lọ.

Lẹ́yìn igbó kẹfà, mo dé oríta kan. Iwin kan jókòó síbẹ̀ tó ní ọwọ́ méje àti etí kan ṣoṣo, etí náà sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́wọ́méje lorúkọ rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, ẹnikẹ́ni kì í kọjá níbí láìdá mi lóhùn. Kí ni ohun tí alágbára ń já gbà lọ́wọ́ aláìlágbára, tó jẹ́ pé bó bá ti já a gbà tán, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo?”

Mo ní, “Ewúrẹ́.” Ó gbá mi létí. Mo ní, “Iṣu.” Ó fi ọwọ́ kejì gbá mi. Mo ní, “Ẹyin adìyẹ ni, nítorí ó lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.” Ó fi ọwọ́ kan họ orí, ó ní, “Ìyẹn kò burú,” ó sì fi èyí tó kéré jù nínú ọwọ́ rẹ̀ gbá mi. Inú bí mi, mo dìde sí i. Ẹ má rò pé ẹ̀rù bà mí. Mo bá a jà ìjà tó jẹ́ pé igi tó wà ní tòsí ń yà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì ni mo ní, méje ni tirẹ̀, ìṣirò náà kò sì ṣòro. Nígbà tí ojú mi wú tán tí n kò rí ọ̀nà mọ́, mo ní, “Bàbá, n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń bẹ nínú ewu, ẹ jẹ́ kí n kọjá.”

Ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kíá. Ó ní, “Kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà yìí? Máa lọ. Ìdáhùn náà ń bẹ níwájú. Bí o bá rí i, má wulẹ̀ padà wá sọ ọ́ fún mi, mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.”

Ọjọ́ keje tí mo kúrò nílé ni mo dé Ìlú Ìkúnlẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ọ̀pẹ. Ẹyìn pọ́n lórí wọn títí ó fi rà, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́. Mo wo àwọn ilé, òrùlé gbogbo wọn ti ṣí. Ẹnu ọ̀nà wọn kò ga ju ẹnu ọ̀nà àgò adìyẹ lọ. Nígbà náà ni mo rí àwọn ènìyàn, gbogbo wọn lórí orúnkún, wọ́n fi awọ di orúnkún bí ẹni tó wọ bàtà, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ tó ti tó rìn ṣì ń rá. Wọ́n wò mí bí mo ti dúró, wọ́n sì yí ojú kúrò lára mi, bí ẹni tó rí ẹni tó ń wẹ̀.

Orí òrùlé ààfin ni mo ti rí ọba wọn. Afikùmọ̀sọ̀rọ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi koríko bo ilé rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè gòkè lọ bá a ṣe é. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣiṣẹ́, kùmọ̀ náà wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tó rí mi tí mo nàró, ó sọ̀kalẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó sì bú sẹ́kún. Oúnjẹ dé, ó fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́ níwájú mi. Mo gbé ojú sílẹ̀. Odidi ọba ń fi ọwọ́ òsì jẹun níwájú àlejò.

Ó ní, “Má dá mi lẹ́bi. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé kùmọ̀ yìí. Bó bá fi kan ilẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo wọn yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ohun tí mo ti ṣe fún wọn. N kò lè sùn, ọmọ mi. Bí mo bá tòògbé, ìka mi á tú.”

Mo ní, “Kábíyèsí, kùmọ̀ yìí gan-an ni mo wá gbà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ó wù ọ́? Bá mi dì í mú kí n sùn díẹ̀. Bí mo bá jí tó ṣì wù ọ́, gbé e lọ, n ó sì sá tẹ̀lé ọ.” Kùmọ̀ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, orun sì gbé e lọ níbi tó jókòó sí. Ọjọ́ márùn-ún ni kò fi jí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kùmọ̀ náà dùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo na kùmọ̀ sí ọkùnrin kan pé kó gbé omi wá, ó gbé omi wá. Mo ní kí wọ́n kọrin, wọ́n kọrin. Ẹni tí àwọn àna rẹ̀ kì í tètè dá lóhùn nílé ni mo jẹ́, ẹ fojú inú wo bó ṣe rí lára mi. Ní ọjọ́ kejì, mo ṣàkíyèsí pé ẹni tí mo ní kó gbé omi wá ti gbé omi wá láti àná, kò sì tíì sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí n kò sọ fún un pé kó sọ ọ́. Orin náà ń lọ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ohùn wọn ti há.

Obìnrin arúgbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alámọ̀. Amọ̀kòkò ni, etí odò ló ń gbé. Mo pè é, mo ní, “Ìyá, ṣé ìjọba mi tẹ́ yín lọ́rùn?”

Ó ní, “A dúpẹ́.”

Mo ní, “Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó dénú yín.”

Ó wò mí, ó ní, “Ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́, n ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Láti ìgbà náà ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́yìn mi, mo ti yí padà pẹ̀lú kùmọ̀. Mo gbé ẹ̀yìn ti ògiri jẹun, ọwọ́ òsì ni mo sì fi jẹ ẹ́, èmi tí ojú tì fún ọba níjelòó. Mo ń ka ọjọ́ tó kù fún Abídèmí, n kò sì lè kúrò níbẹ̀, nítorí bí mo bá gbé kùmọ̀ náà jáde lójú ọba tó ń sùn, ta ló mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Mo sì mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe nítorí ọba ni n kò ṣe lọ. Ẹ̀rù ń bà mí láti kẹ́yìn sí wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, odò kún. N kò rí i tẹ́lẹ̀ pé òjò rọ̀ ní òkè rárá. Mo kàn rí omi tó ń bọ̀ láàárín ilé ni. Mo kígbe pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbẹ́ ibi tí mo nawọ́ sí gan-an, omi sì gba ibòmíràn wọlé. Mo nawọ́ síbẹ̀, àwọn tó wà ní ibi àkọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Kùmọ̀ kan ni mo ní, ènìyàn tó tó ẹgbẹ̀rin sì ń dúró kí n nà án sí àwọn. Mo rí Ìyá Alámọ̀ nínú omi, mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ kò mọ̀ pé odò yóò kún ni?”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí akàn ti ń fi ihò wọn sílẹ̀ gòkè bọ̀ nínú ìlú. Wọ́n gba àárín ẹsẹ̀ yín kọjá.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ?”

“Ẹ kò bi mí.”

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, mo ti gbọ́ bíbú ramúramù kìnnìún rí, kò dà mí láàmú tó ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wo omi. Orúnkún ni mo ti rí i lára tèmi, nítorí mo dúró. Lára wọn, ó ti dé àyà. Lára àwọn ọmọdé, ó ti dé àgbọ̀n. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń wò mí, kò sì sí ẹni tó dìde, nítorí wọn kò lè dìde. Ibẹ̀ ni ìdáhùn Ọlọ́wọ́méje ti yé mi. “Bẹ́ẹ̀ ni” ni ìdáhùn náà. Mo lè fi kùmọ̀ já “bẹ́ẹ̀ ni” gbà lẹ́nu ènìyàn, èémí lásán ni yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo ju kùmọ̀ náà sínú àgbàrá. Ó lọ.

Ìró orúnkún ẹgbẹ̀rin ènìyàn tó nà lẹ́ẹ̀kan náà, n kò lè fi ẹnu mi ṣe é fún yín. Wọ́n dìde, wọ́n ga jù mí lọ, wọ́n sì yí mi ká. Mo mọ̀ pé mo ti kú. Ìyá Alámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ta ló fi ọ́ jẹ?”

Mo ní, “Kò sí.”

Ó ní, “Kí lo fẹ́ lọ́dọ̀ wa báyìí?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, omi yìí. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí kú. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe lẹ́yìn náà.”

Ó ní, “Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.” Ó kọjú sí àwọn yòókù. Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ fún yín pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Omi wà ní itan, wọ́n ń jiyàn. Ẹnì kan ní kí wọ́n mọ odi, òmíràn ní kí wọ́n sá gun òkè, òmíràn sì ń bú bàbá ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́. Ara mi ń yún mí, ó kù díẹ̀ kí n bẹ́ sómi lọ wá kùmọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bàbá àgbàlagbà kan wá sọ pé ọ̀nà àgbàrá àtijọ́ kan wà tó gba abẹ́ ààfin, pé ọba ló kọ́lé lé e lórí, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ọ́ fún un. Iyàn tán síbẹ̀. Wọ́n ní, “Òótọ́ ni.” Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tó nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n wó ògiri ààfin palẹ̀, omi rí ọ̀nà rẹ̀, ó sì gbà á lọ.

Ọba jí lórí ẹní rẹ̀ tó léfòó. Ó wo ọwọ́ mi, kò rí kùmọ̀. Ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀, gbogbo wọn dúró. Ó kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìyá Alámọ̀ ní kó dìde, pé àwọn kò fẹ́ rí orúnkún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní bó bá fẹ́ jọba, kó wá bèèrè lọ́wọ́ àwọn lọ́jọ́ mìíràn, àwọn yóò rò ó wò, àwọn sì lè kọ̀. Ohun tí ọba sọ ni pé, “Ṣé mo lè padà lọ sùn?” Wọ́n ní kó lọ sùn.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni mo padà dé ilé, ọwọ́ mi ṣófo. Mo lọ tààrà sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ti kó ìgò epo jọ sójúde, ìbọn wà lórí ìdúró. Baálẹ̀ ṣì ń lọ ó ń bọ̀. Ó ní, “Kùmọ̀ dà?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ó wà nínú odò. Mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti rò ó fún yín, àfi ti ìjàlọ. Nígbà tí mo ṣe tán, inú bí i. Ó ní, “O lọ jọba ní ìlú ẹlòmíràn, o wá padà wá kọ́ mi ní ìjọba. Bí mo bá dá lọ sí Òkè-Ọdán, ṣé wọn kò ní í pa mí?”

Mo ní, “Wọ́n lè pa yín, Baálẹ̀. N kò lè purọ́ fún yín.”

“Bí mo bá kó ẹ̀ṣọ́ lọ ńkọ́?”

“Wọn yóò tẹrí ba. Àwọn tó bá kù.”

Ó jókòó. Láti ọjọ́ tó ti rán mi níṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó jókòó. Ó wá ní, “Ọba yẹn, ọwọ́ òsì ló ní láti fi jẹun lóòótọ́?”

Mo ní, “Òsì ni. Èmi náà fi òsì jẹ ẹ́.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Baálẹ̀ Ọláṣebìkan wọ bùbá lásán, kò dé fìlà oyè, kò mú ẹ̀ṣọ́. Èmi nìkan ló mú, n kò sì gbé ìbọn. A dé ẹnu ibodè Òkè-Ọdán. Àna mi, Bàbá Ṣàngótóyè, bàbá Oyèkàn, ló jáde sí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, kò wò mí. Baálẹ̀ ní, “Bàbá, mo wá mu omi tí n kò mu.”

Àna mi ní, “Omi náà kì í ṣe tèmi nìkan. Jókòó kí n bi wọ́n.” Ilẹ̀ ló fi hàn án. Baálẹ̀ jókòó sílẹ̀.

Wọ́n fi í sínú oòrùn láti àárọ̀. Wọ́n ń jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ohun tó ṣe fún wọn sí i lójú. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí wọ́n na lójú ọ̀nà oko sọ tirẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú nítorí pé wọn kò jẹ́ kó jáde lọ gba oògùn sọ tirẹ̀. Nígbà mìíràn ó ní, “Òótọ́ ni.” Nígbà mìíràn ó ní, “N kò mọ̀ nípa ìyẹn, ṣùgbọ́n èmi ni mo rán wọn.” Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé kí wọ́n lù ú. Mo ń wá Abídèmí láàárín àwọn obìnrin. Ìyá Oyèkàn jáde kẹ́yìn. Ó wò ó títí, ó sì wọlé lọ. Baálẹ̀ sunkún níbẹ̀, kò sì fi ọwọ́ bojú.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, àna mi padà wá. Ó ní, “A kò tíì fẹnu kò. A kò ní í fún ọ lómi lónìí. Kó ẹ̀ṣọ́ rẹ kúrò lẹ́yìn odi wa, kí o sì padà wá lọ́la.”

Baálẹ̀ ní, “N ó kó wọn lọ. N ó padà wá.”

Ó dìde, ẹsẹ̀ ti kú mọ́ ọn, mo fà á lọ́wọ́. Abídèmí ti jáde sí mi, ikùn rẹ̀ wú, ara rẹ̀ rù, ó sì ń bá mi jà pé ibo ni ṣòkòtò mi wà. Inú mi dùn, mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́ta mú ọ̀nà pọ̀n. A kò tíì rìn jìnnà tí Baálẹ̀ fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn wa. Ojú rẹ̀ yí padà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, ṣé wọ́n ń lé mi bọ̀ ni?”

Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ọdán ni, wọ́n tó ọgbọ̀n, àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n lù ú. Àna mi ló ń rìn níwájú wọn. Wọ́n jìnnà sí wa díẹ̀, wọn kò sì mú igi lọ́wọ́.

Mo ní, “Rárá, Baálẹ̀. Wọ́n ń sìn yín délé ni.”

Ó dúró. “Ṣé wọ́n ti gbà mí ni?”

Àna mi gbọ́ ọ láti ibi tó wà, òun ló sì dá a lóhùn. Ó ní, “A kò tíì gbà ọ́. A kàn kò fẹ́ kí ohun búburú kankan ṣẹlẹ̀ sí ọ kí a tó pinnu.”

Ibẹ̀ ni mo bá ọ̀rọ̀ náà dé, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ẹ gbé àga yín, kí olúkúlùkù máa lọ sílé rẹ̀, kí ẹ sì bá mi jí Làmídì.